AMỌ̀KÒKÒ KWALI
Ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí

Ẹni tí ó bá ti mu omi àmù li ọjọ́ oòrùn mọ̀ pé ó tutù ju omi inú garawa lọ. Ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí ó fà á, kí a sì kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀.

1. Amọ̀kòkò náà. Li abúlé Kwali, láàárín àwọn àgbẹ̀ Gbagyi tí a tún ń pè ní Gwari, ni a gbé bí Ladi Kwali ní nǹkan bí ọdún 1925. Láti kékeré ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà li ọwọ́ ìbátan rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ àgbà. Kò lo kẹ̀kẹ́. A máa yí amọ̀ gígùn bí okùn, a sì máa tò ó lé ara wọn. Ìkòkò a dúró lójú kan. On tìkára rẹ̀ ni í máa yí i ká. Lẹ́yìn èyí a fín alángbá, àkeekèé àti ẹja sí i lára, a sì fi igi àti koríko gbígbẹ sun ún ní gbangba.

2. Olùkọ́ tí ó dé. Li ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba rán wá, rí ìkòkò rẹ̀ li ààfin Emir Abuja, ìlú tí a ń pè ní Suleja nísinsin yìí. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, Ladi sì wọ̀ ọ́ li ọdún 1954, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́. Ó kọ́ bí a ti ń fi ohun tí ń dán bí díígí bo ìkòkò, àti bí a ti ń sun ún nínú ìléru gbígbóná. Ṣùgbọ́n àmù ńlá, ọwọ́ ni ó fi ń mọ ọ́n síbẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́.

3. Èrè àti àdánù. Ìkòkò tuntun wọ̀nyí le, wọ́n sì lẹ́wà. A pàtẹ wọn ní London li ọdún 1958. Ṣùgbọ́n àmù àtijọ́ ní ihò tíntín lára. Omi a máa làágùn jáde níbẹ̀. Bí òógùn náà ti ń gbẹ, a máa mú ooru lọ. Àmù tí ń dán kò lè làágùn, kò sì lè mú omi tutù bẹ́ẹ̀. Ó di ohun ọ̀ṣọ́. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ àbùkù, on gan-an ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa.

4. Ohun tí a rí kọ́. Li ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Ladi Kwali lọ́lá, ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé. Ó kú li ọdún 1984. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ amọ̀kòkò Ìpetumọ̀dù tàbí Ìlọrin jókòó ní kíláàsì yín, kí ó sì rò pé ìyá òun kò mọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: (a) Kí ni í mú omi àmù tutù? (b) Kí ni Ladi jèrè, kí ni àmù rẹ̀ sì pàdánù? (d) Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ó ń kú lọ ní ìlú yín, ta ni ó sì kù tí ó lè kọ́ni?