Nígbà tí Gìtá Bá Ń Kùn bí Oyin

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ìró "hùùù" tó máa ń jáde láti inú gìtá oníná kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìkìlọ̀ ni. Ní ọdún 1972, ní ìlú Swansea, Les Harvey tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows di gìtá rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kan máíkì tí kò ní earth tó dára, iná sì gbé e pa lórí pèpéle.

Ibi tí ìró náà ti ń wá

Iná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣájà, gílóòbù gígùn àti jẹnẹrétọ̀ ń fọ́n ìró yìí ká, pickup sì ń gbà á bí ẹ̀ríàlì. Ìdí nìyẹn tí Seth Lover ti ilé-iṣẹ́ Gibson fi ṣe humbucker ní 1955: ó ka wáyà sọ́nà méjì, kí ìró tí ọ̀kan gbà lè pa ti èkejì.

Bí a ṣe ń wá àléébù

1. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kébù.

2. Ẹ fọwọ́ kan okùn gìtá. Bí ìró bá dínkù, earth rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi bébà bàbà bo inú gìtá, kí ẹ so ó mọ́ earth. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí wáyà abẹ́ bridge ti já. Bí ó bá pọ̀ sí i, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti gbé wáyà ìró sí ipò wáyà earth nídìí jack.

3. Ẹ yọ kébù, kí ẹ fi mítà wọn ohm láti bridge dé ara irin jack. Ó yẹ kó sún mọ́ 0. Bí kò bá kà, ẹ ṣí gìtá, ẹ ha ẹ̀yìn volume díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí ẹ fi òjé jó wáyà náà mọ́ ọn.

Ti Maiduguri wa

Lásìkò ọyẹ́, bí gìtá bá ń dún "pẹ́pẹ́" nígbà tí ọwọ́ bá ra ike ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fà á. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti ba òpó iná Damaturu sí Maiduguri jẹ́ ní oṣù Kìíní 2021, ta ni kò mọ jẹnẹrétọ̀ níbí? Ṣùgbọ́n iyanrìn gbígbẹ kì í gbé iná wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ri irin earth jìn, kó sì wọ̀n ọ́n.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Bí amplifier àti mixer bá ń kùn nígbà tí a so wọ́n pọ̀, ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ earth plug. Ìró lè dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àléébù bá ṣẹlẹ̀, ara atagìtá ni iná yóò gbà wọlẹ̀. Ẹ ki méjèèjì bọ extension kan náà. Bí kò bá tán, ẹ lo DI box tó ní bọ́tìnì ground lift. Bí okùn bá ta yín lọ́wọ́, tàbí tí máíkì ta yín lẹ́nu, ẹ pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Kí ìfidánrawò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ gbogbo plug wò: èwo ni kò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́? Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ má sì lò ó títí a ó fi tún un ṣe.