OJÚ TÍ Ń ṢE BÀÌBÀÌ ÀTI ỌKÀN TÍ Ó RẸ̀WẸ̀SÌ

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọba ara. Bí ọba bá ń ṣàìsàn, ìlú kì í fararọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni, bí ojú bá ń ṣàárẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ọkàn pẹ̀lú kì í sinmi. Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ bí a ti ń kán oògùn sí ojú aláìsàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń béèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí.

Ìkíní: Àrùn ojú tí kì í tán bọ̀rọ̀.

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé, nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 4 tí ó fọ́jú. Nínú 100 àwọn afọ́jú wọ̀nyí, bí 43 ni kataráàtì fọ́ lójú, bí 17 sì ni gilakóómà fọ́ lójú. Kataráàtì ni àrùn tí ń mú kí ohun mímọ́ gaara tí ó wà nínú ẹyinjú ṣú bí dígí tí èéfín bò. Iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò, kí alára sì tún ríran. Ṣùgbọ́n iṣan tí ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ ni gilakóómà ń bà jẹ́, ohun tí ó bá sì ti gbà lọ kì í padà mọ́. Oògùn, iná lésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo ìyókù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń kán oògùn lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Gilakóómà kì í sábà dun ni. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí alára kò fi ní mọ̀. A kọsẹ̀ lára àpótí, a da omi sílẹ̀, a kọjá lára ojúlùmọ̀ láìkí i. Àwọn ará ilé a ní aláìbìkítà ni. Ojúlùmọ̀ a ní ó ń gbéra ga. Kí a tó mọ̀ pé ojú ni, a ti fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́kàn.

Ìkejì: Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún 30 ọdún. Nísinsìnyí kò lè ka ìwé mọ́ bí kò ṣe pé kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kò lè jáde ní alẹ́. Bí lẹ́tà bá dé, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí owó bá dé, ẹlòmíràn ni yóò kà á. Kì í ṣe ìran nìkan ni ó ń pàdánù: iṣẹ́ rẹ̀, àṣírí rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ tí ó ní fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú kí ó yẹra fún ìpàdé, nítorí kò mọ ẹni tí ń kí i. Àwọn ọ̀rẹ́ sì rò pé òun ni kò fẹ́ rí wọn mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i dájú pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ojú wọn ń bàjẹ́ ju láàárín àwọn tí ń ríran dáadáa lọ. Àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: kí ìbànújẹ́ má kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tí ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ni mọ́, kí oúnjẹ má lọ lẹ́nu, kí oorun kọ̀ tàbí kí ó pọ̀ jù, kí ènìyàn máa rò pé òun ti di ẹrù sí àwọn ọmọ òun lọ́rùn. Ní ti oorun, kí a mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú wọlé ni ó ń fi ìgbà oorun àti ìgbà jíjí han ara. Nítorí náà, ẹni tí kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá lè máa ṣe àìsùn ní òru láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.

Ewu kan tún wà níhìn-ín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì a máa wí pé, “Kí ni mo tún ń kán oògùn sí?” Bí ó bá dá oògùn dúró, gilakóómà yóò gba èyí tí ó kù; bí ojú bá sì ń burú sí i, ọkàn yóò túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nípa báyìí, ẹni tí ó bá ń tọ́jú ojú láìtọ́jú ọkàn ń rọ omi sínú agbọ̀n.

Ìkẹta: Ìran tí kì í ṣe wèrè.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ojú ń fi pamọ́. Àwọn kan nínú wọn ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀: ènìyàn kéékèèké, ẹranko, òdòdó, ilé, tàbí ojú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Wọn kò jẹ́ sọ ọ́, kí a má bàa pè wọ́n ní wèrè tàbí àjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1760, ọ̀mọ̀wé kan ará Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, Charles Bonnet ni orúkọ rẹ̀, kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀ àgbà, Charles Lullin, tí ó ti lé ní 80 ọdún, tí kataráàtì sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bàbá yìí ń rí ọkùnrin, obìnrin, ẹyẹ àti ilé ńláńlá níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe òtítọ́. Orúkọ Bonnet ni àwọn dókítà fi ń pe ohun náà títí di òní.

Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí ojú kò bá rán iṣẹ́ tí ó tó sí ọpọlọ mọ́, ọpọlọ a máa ya àwòrán fún ara rẹ̀. Àwọn àwòrán wọ̀nyí kì í sọ̀rọ̀, bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọ́n sì sábà máa ń dín kù. Bí wọ́n bá dé, kí aláìsàn ṣẹ́jú, kí ó wo ọ̀tún wo òsì, kí ó tan iná, tàbí kí ó na ọwọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbọ́ ohùn, bí ó bá gbà pé òtítọ́ ni wọ́n, tàbí bí ibà tàbí ìgbàgbé bá bá a rìn, kí a mú un tọ dókítà lọ láìjáfara, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn.

Ìkẹrin: Ohun tí ó yẹ kí a ṣe.

Ní ọdún 1954, ní Àrò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ará ilé wọn kan, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé ìdánìkanwà kì í wo ọkàn sàn. Ẹ̀kọ́ yìí bá ẹni tí ojú ń dà láàmú mu pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí a bá wọlé tọ̀ ọ́, kí a dárúkọ ara wa, kí a má bi í pé, “Ta ni èmi?” Kí a má já iṣẹ́ tí ó ṣì lè ṣe gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a ka lẹ́tà rẹ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kí a sì pa á mọ́. Kí ẹnìkan máa rántí àkókò oògùn pẹ̀lú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn tí ó bá a tan lọ yẹ ojú wọn wò, nítorí gilakóómà a máa rìn nínú ẹbí. Kí a sọ fún dókítà ojú bí ọkàn rẹ̀ ti rí, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Bí ó bá ń wí pé ikú sàn ju ìyè lọ, kí a má fi í ṣe àwàdà: kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì mú un dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ojú ń dà láàmú, ẹ má ṣe dákẹ́. Àwa tí a sì ń ríran, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.