Ibà Tí Ń Gba Ẹnu Wọlé

Bí ara bá ti gbóná, ẹ̀fọn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń bá wí. Táífọ́ọ̀dù, tí àwọn mìíràn ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kò bá ẹ̀fọn tan. Ẹnu ló ń gbà wọlé.

Kòkòrò tó ń fà á kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú èèyàn nìkan ló ń gbé, ìgbẹ́ ló sì sábà máa ń bá jáde. Bí òjò bá wọ́ ìgbẹ́ lọ sínú kànga, tàbí tí ẹni tó ti ṣaláńgá dé bá bu oúnjẹ láìfọwọ́, ó ti dé ẹnu ẹlòmíì nìyẹn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa le sí i. Orí á máa fọ́ni, inú á máa runi. Bí a bá fi falẹ̀, ó lè dá ìfun lu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2019, ó pa nǹkan bí 110,000 èèyàn.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè máa pín in kiri. Mary Mallon, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ń dáná fún àwọn olówó ní agbègbè New York. Lọ́dún 1906, èèyàn 6 nínú 11 tó wà nílé kan tó ti ń ṣiṣẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n pe George Soper kó wá wádìí. Ó rí i pé ilé tí Mary bá ti ṣiṣẹ́, táífọ́ọ̀dù sábà máa ń tẹ̀ lé e débẹ̀. Iná ń pa kòkòrò yìí, nítorí náà kì í ṣe ọbẹ̀ tó hó ni Soper fura sí. Áásìkiriìmù tí obìnrin náà ń gé èso tútù sí ni. Nígbà tó ní kí Mary fún òun ní ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, Mary yọ fọ́ọ̀kì ìgéran sí i, Soper sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. N kò dá obìnrin náà lẹ́bi púpọ̀: lójú tirẹ̀, kò ṣàìsàn rí. Wọ́n fi í sí erékùṣù kan lọ́dún 1907, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1910 pé kó má dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún 1915, wọ́n tún bá a nílé ìdáná ilé ìwòsàn aláboyún, ó ti yí orúkọ padà. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù yẹn, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú lọ́dún 1938.

Lọ́dọ̀ tiwa, àyẹ̀wò Widal ni wọ́n sábà fi ń sọ pé “maláríà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù” ni. Kì í ṣe kòkòrò náà gan-an ló ń wá; ohun tí ara fi bá a jà ló ń wò, ìyẹn sì lè jẹ́ ti àìsàn tó ti lọ tipẹ́. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi í síbi tí kòkòrò lè ti hù fún ọjọ́ mélòó kan, ló dájú ju Widal lọ. Ẹni tó ń gbé kápúsù mì láìní táífọ́ọ̀dù, kòkòrò ló ń kọ́ lágídí. Ní Sindh, lórílẹ̀-èdè Pakistan, irú táífọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2016.

Pakistan náà ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tuntun kún èyí tí ọmọdé ń gbà déédéé, lọ́dún 2019. Liberia ló ṣíwájú ní Áfíríkà, lọ́dún 2021. Àmọ́ abẹ́rẹ́ kò lè gbé ṣaláńgá jìnnà sí kànga. Ẹ se omi mímu kó hó, ẹ sì dé e. Omi tó hó lówùúrọ̀ lè ti bàjẹ́ lọ́sàn-án bí gbogbo ọmọ ilé bá ń ti ife bọ̀ ọ́ tọwọ́tọwọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu sàn jù.