Àtẹ̀gùn tó ní ìpele 1,024

 

Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú insulin tí wọn ò tíì ṣí, láàárín dígírì 2 sí 8. Tó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ á máa dínkù. Tó bá wá dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà tó bá tún yọ́ padà. Ìyá àgbà ló ni insulin tó wà nínú fíríìjì ilé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi fi Arduino Uno àti sẹ́ńsọ̀ TMP36 ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọn otútù, àti bí a ṣe lè mú kó wọ̀n ọ́n fínnífínní láì tún ra sẹ́ńsọ̀ míì.

TMP36 ò mọ nọ́ńbà. Iná díẹ̀ ló ń gbé jáde. Ní dígírì 0, ó ń gbé mílífóltì 500 jáde, dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá sì gun òkè, á fi mílífóltì 10 kún un. Dígírì 4 jẹ́ mílífóltì 540 nìyẹn. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni iná yìí ń lọ sókè sódò, bí omi tó ń kún inú garawa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́, torí náà apá kan wà nínú Uno tó ń sọ iná di nọ́ńbà. ADC ni wọ́n ń pè é.

Ẹ fojú inú wo àtẹ̀gùn. ADC inú Uno jẹ́ bíìtì 10. Tẹ́ ẹ bá fi 2 mẹ́wàá sọ ara wọn di púpọ̀, 1,024 lẹ máa rí, iye ìpele àtẹ̀gùn náà nìyẹn, láti 0 dé 1,023. Tẹ́nikẹ́ni ò bá sọ nǹkan míì fún un, ó ga láti fóltì 0 dé fóltì 5. Ìpele kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílífóltì 4.9, ìyẹn bí ìdajì dígírì. Iná ò lè dúró sáàárín ìpele méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ADC máa kà. Dígírì 3.8 àti dígírì 4.1, 110 kan náà ni wọ́n máa jẹ́.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ìfiṣòfò. Dígírì 2 sí 8 jẹ́ mílífóltì 520 sí 580, ìpele bíi 12 péré nínú 1,024! Tí a bá ṣírò rẹ̀, orí àtẹ̀gùn yẹn jẹ́ dígírì 450, bẹ́ẹ̀ 125 ni agbára sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀ parí sí. Ta ló ń fi kóńgò gàrí wọn iyọ̀ ọbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká gé àtẹ̀gùn náà kúrú. Ìlà kan péré ni nínú kóòdù: analogReference(INTERNAL). Orí àtẹ̀gùn á wá sí fóltì 1.1, àmọ́ ìpele rẹ̀ á ṣì jẹ́ 1,024. Ìpele kọ̀ọ̀kan á di bíi mílífóltì 1.07, ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì ló kù díẹ̀ kó jẹ́ gan-an. Láàárín 2 sí 8, a ti ní ìpele bíi 56. Ohun tí a fi sílẹ̀ ni gbogbo ooru tó bá kọjá dígírì 60, nítorí 1,023 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ẹni tó fẹ́ wọn omi tíì kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, fíríìjì ni mò ń ṣọ́.

Ẹ ṣọ́ra o: 1.1 yẹn, orúkọ lásán ni. Ó lè jẹ́ 1.0, ó lè jẹ́ 1.2, ti Uno kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ fi mítà iná wọn ojú AREF, kẹ́ ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá rí síbi 1.1 nínú kóòdù yín. Ẹ sì da kíkà bíi mélòó kan àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i padà, torí kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ọgbọ́n míì wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ kà á nígbà 16, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 4 pín in. Bíìtì 2 ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, bíi pé ìpele ti di 4,096. Bíìtì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un, ìlọ́po mẹ́rin kíkà ló máa ná yín. Ó yani lẹ́nu pé iná gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n díẹ̀ kí èyí tó ṣiṣẹ́. Tó bá dúró gbọn-in, 484 ni ẹ máa kà nígbà 16, ẹ ò rí nǹkan tuntun kankan. Àmọ́ tó bá ń gbọ̀n, tó jẹ́ 484 nígbà 12, tó jẹ́ 485 nígbà 4, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan bíi 484 àti ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà.

Ìpele kéékèèké ò sọ pé nọ́ńbà náà tọ̀nà o. TMP36 lè fi dígírì 1 tàbí 2 yẹ̀. Mo fi rọ́bà wé ẹsẹ̀ ti èmi kí omi má bàa wọ̀ ọ́, mo kì í bọ inú ife tí yìnyín wẹ́wẹ́ kún pẹ̀lú omi díẹ̀, mo sì ń rò ó. Dígírì 0 ni irú omi bẹ́ẹ̀. Tèmi sọ pé 0.7, torí náà kóòdù mi ń yọ 0.7 kúrò nínú gbogbo ohun tó bá kà. Mo ní kí aago rẹ̀ máa dún ní 3 àti ní 7, kí ìyá àgbà lè ráyè gbé insulin rẹ̀ kúrò kí nǹkan tó dé 2 tàbí 8.