Kí Ẹ Tó Ra Alágẹmọ Àkọ́kọ́ Yín, Ẹ Béèrè Ibi Tí Wọ́n Bí I Sí

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé irú alágẹmọ wo ló yẹ kí ẹni tí kò sìn ín rí kọ́kọ́ rà. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi.

Nígbà tí mo dé ìlú Ọba láti kàwé, mo rí alágẹmọ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹranko. Alágẹmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n pè é, owó rẹ̀ ò tó ti àwọn yòókù rárá. Wọ́n ní Tógò ló ti wá. Inú mi dùn, torí irú rẹ̀ wà nínú igbó tiwa náà. Mo rà á. Nígbà tí mo máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, aràn ti kún inú rẹ̀, omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi kú.

Kí ló fà á? Inú igbó ni wọ́n ti mú un. Aràn díẹ̀ lè wà lára ẹranko igbó kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ìpayà, òùngbẹ àti ìrìn àjò bá ti tán an lókun, aràn á gbilẹ̀. Alágẹmọ kì í sì í tètè fi àìsàn hàn, torí ọ̀tá máa ń yára pa èyí tó bá ti rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra èyí tí wọ́n bí sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sìn wọ́n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, alágẹmọ Yẹ́mẹ̀n (Chamaeleo calyptratus) ni màá mú. Yẹ́mẹ̀n àti Sáúdí Arábíà ni orírun rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó sì ń bímọ dáadáa nínú àgò. Ẹ mú akọ. Abo lè yé ẹyin tó ju 30 lọ láìrí akọ rárá, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ ẹ̀yìn: akọ ní nǹkan kékeré tó yọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

– Ojú: tó bá ń dijú lọ́sàn-án, ara rẹ̀ ò yá. Tí ojú bá jìn wọnú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
– Ẹsẹ̀: kó dì mọ́ igi dáadáa. Ẹsẹ̀ tó wọ́, àìtó kálísíọ̀mù ni.
– Ìtọ̀: ìtọ̀ rẹ̀ máa ń dì. Kó funfun, kó má pọ́n bí ọsàn.
– Ọjọ́ orí: kó ti tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ ti ṣètò ilé rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé: àgò nẹ́ẹ̀tì, òun nìkan, àti gílóòbù UVB. Ìmọ́lẹ̀ UVB ni awọ ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámìn D tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù ṣiṣẹ́. Oòrùn ojú wíńdò ò lè ṣe é, gíláàsì ti dí i. Ẹ máa fọ́n omi sórí ewé, torí ẹ̀kán omi ló ń lá, kì í sábà mu tinú abọ́. Ẹ má sì máa gbé e ṣeré: tó bá ti dúdú kọ́rọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi í sílẹ̀ ló ń wí yẹn.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òótọ́ ni, ìyá rẹ̀ á bo ẹyin mọ́lẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọ inú àgò wa, ọwọ́ wa ni ijó rẹ̀ kù sí. Àwọn tó wà nínú igbó nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó níbẹ̀.