Bí Ẹ Bá Dé Salvador, Ọ̀dọ̀ Alákàrà Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ọ̀pọ̀ alákàrà ìlú Salvador máa ń pàtẹ. Ojú kì í ṣì wọ́n mọ̀: yẹ̀rì funfun tó fẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, bùbá léèsì, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, agbada epo lórí iná. Kí ẹ tó fojú kàn wọ́n ni òórùn epo pupa á ti ta sí yín nímú. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí kò mọ ibi tí yóò ti jẹun, òórùn yẹn ni kó tẹ̀ lé.

Etí òkun ni Salvador wà, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú ilẹ̀ náà títí di 1763. Ẹrú ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò rí àkàrà gbà. Acarajé ni gbogbo ìlú ń pè é lónìí, “àkàrà” àti “jẹ” tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà, tí wọ́n ń pè ní baiana de acarajé, sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún àyẹ́sí wọn.

Ẹ má kánjú sanwó. Ẹ dúró wo ọwọ́ obìnrin náà ná. Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí. Orógùn ló fi ń lù ú nínú ìkòkò, kò sì ní í dáwọ́ dúró títí ẹ̀wà náà yóò fi wú, tí yóò fúyẹ́. Yóò fi ṣíbí bu ú, yóò fi ṣíbí mìíràn gbá a kó lè rí róbótó, yóò sì jù ú sínú epo. Nígbà tó bá fi máa pọ́n dáadáa, á tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Á gbé e, á jẹ́ kí epo ro kúrò lára rẹ̀, á wá fi ọ̀bẹ là á nínú láìjẹ́ kó já sí méjì.

Ibí yìí ni tiwọn ti yà kúrò lára tiwa. Vatapá ló kọ́kọ́ ń wọ inú rẹ̀: búrẹ́dì tí wọ́n fi wàrà àgbọn, edé, ẹ̀pà, kajú, atalẹ̀ àti epo pupa rò títí tó fi ki. Caruru ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pẹ̀lú edé àti epo. Tòmátì gígé dé e lórí, edé gbígbẹ ló wá kẹ́yìn, odindi, pẹ̀lú èèpo rẹ̀ lára. Nílé, a máa ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ, a sì máa ń kì í sáàárín búrẹ́dì. Ní Salvador, àkàrà gan-an ló di búrẹ́dì. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé wọ́n ti ba àkàrà jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ti rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dàgbà, ẹ jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Kí alákàrà tó fi nǹkan sí i, yóò bi yín pé “Quente ou frio?” Gbígbóná tàbí tútù ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ata ló ń bèèrè, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá sọ pé “quente” ti gba ata kíkún nìyẹn. Ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní malagueta ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń ta gan-an, kódà fún ẹni tó ń jẹ ata nílé. Ẹ sọ pé “pouca pimenta”, ata díẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ̀pà tàbí edé bá lòdì sí ara yín, ẹ má fi ṣeré rárá: ẹ̀pà àti kajú wà nínú ọ̀pọ̀ vatapá àti caruru, edé sì wà níbi gbogbo. “Sem vatapá, sem caruru, sem camarão” ni ẹ ó sọ, ẹ ó sì jẹ àkàrà lásán, tó dùn bákan náà.

Lórí àtẹ kan náà ni ẹ ó ti rí abará. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa ni: ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú epo àti edé, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè. Abará ni mo máa ń sọ fún ẹni tí inú rẹ̀ kò gba epo púpọ̀ pé kó rà, nítorí wọn kò dín in. Ẹ tún ra cocada, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà sè, fún àwọn ọmọ.

Àdúgbò Rio Vermelho ló lókìkí jù fún àkàrà, ní gbàgede Largo de Santana àti Largo da Mariquita. Orúkọ Dinha àti Cira, àwọn ìyá méjì tó ti di olóògbé báyìí, ṣì wà lára àtẹ níbẹ̀, èrò sì máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kì í ṣe orúkọ ńlá nìkan ni kí ẹ máa wá o. Ẹ wo epo inú agbada: bó bá ti dúdú, ẹ kọjá lọ. Ẹ wo bóyá àkàrà ń jáde bí èèyàn ṣe ń dé, tàbí òkìtì tó ti tutù ló wà nílẹ̀. Ẹ mú owó bébà díẹ̀ lọ́wọ́, torí Pix, ọ̀nà ìsanwó orí fóònù tí gbogbo Bràsíl ń lò, báńkì ibẹ̀ ni àlejò sábà máa ń nílò kó tó lè lò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó sídìí tábìlì, moqueca ni kí ẹ bèèrè. Ẹja tàbí edé ni, pẹ̀lú wàrà àgbọn, epo pupa, tòmátì, àlùbọ́sà, tàtàsé àti ewé coentro, nínú ìkòkò amọ̀ tí yóò ṣì máa hó lọ́nà nígbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú yín. Èèyàn méjì ni ìkòkò kan sábà máa ń tó, nítorí náà ẹ bèèrè pé “Serve quantos?” kí olúkúlùkù yín má lọ pàṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìrẹsì àti pirão ni wọ́n ń gbé tẹ̀ lé e. Pirão yìí, omi ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbágùúdá rò, àbúrò ẹ̀bà ni, ó kàn rọ̀ jù ú lọ. Fún oúnjẹ ọ̀sán tí kò wọ́n, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “por quilo” sí: ẹ ó bu ohun tó wù yín, wọ́n ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó san owó ìwọ̀n rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni oúnjẹ elépo máa ń pọ̀ jù ní ìlú náà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ funfun nítorí Oxalá, Òrìṣàńlá wa. Àwa tí a mọ̀ pé Òrìṣàńlá kì í jẹ epo lè máa ṣe kàyéfì. Àṣà méjì ló pàdé lọ́jọ́ kan: aṣọ funfun ti ọ̀dọ̀ òrìṣà wá, oúnjẹ ẹja ti ọ̀dọ̀ ìjọ Àgùdà tí kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ wá feijão de leite, ẹ̀wà tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá tọ́ ọ wò yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: frejon ni, tí ìdílé àwọn Àgùdà tó padà láti Bràsíl ṣì ń sè lọ́jọ́ yẹn kan náà ní Èkó.

Àwọn orúkọ kan wà tó lè tàn yín. Acaçá jọ ẹ̀kọ wa, ẹ ò sì ní í ṣì í. Ṣùgbọ́n amalá tiwọn kì í ṣe òkèlè àmàlà: ọbẹ̀ ilá Ṣàngó ni, Ọjọ́rú ni wọ́n sì ń gbé e fún un. Ní 27 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Cosme àti Damião tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ìbejì, ilé púpọ̀ ló ń se caruru, ọmọ méje ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá pè yín wọlé lọ́jọ́ yẹn, ẹ wọlé, ẹ sì dúró kí àwọn ọmọ jẹ tán.

Ẹ fi òwúrọ̀ kan sílẹ̀ fún ọjà São Joaquim ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ilẹ̀ máa ń tutù. Epo pupa nínú ìgò, òkìtì edé gbígbẹ, ata àti ewé ni ẹ ó máa gba àárín wọn kọjá. Ẹ tọ́ edé wò kí ẹ tó rà á, torí iyọ̀ máa ń pọ̀ jù nínú òmíràn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan òrìṣà, ẹ bèèrè obi àti orobô. Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pè é nílé, wọn yóò sì gbé e lé yín lọ́wọ́.