Lẹ́ńsì Afa-Jíjìn-Súnmọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Irinṣẹ́ Iṣẹ́ Pápá: Òru Ẹ̀fẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Iṣẹ́ pápá ni òpómúléró ìmọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Ẹni tí yóò kọ̀wé nípa Gẹ̀lẹ̀dé gbọ́dọ̀ dé ojú agbo, kí ó gbọ́ orin, kí ó sì gba àwòrán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń ṣe eré Ẹ̀fẹ̀ láàrin àwọn Kétu àti Yewa. Ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀, ẹlẹ́fẹ̀ kì í dúró sójú kan, agbo sì ní ààlà tí àlejò kò gbọdọ̀ kọjá. Olùwádìí tí ó bá sá wọ inú agbo yóò ba eré jẹ́. Èyí tí ó bá dúró lókèèrè pẹ̀lú lẹ́ńsì lásán yóò gbé àwòrán ṣókùnkùn bọ̀ wálé. Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé irú lẹ́ńsì tí ó lè yanjú ìṣòro náà, àti bí ó ṣe yẹ ní rírà àti ní lílò.

Ohun tí lẹ́ńsì náà jẹ́
Kámẹ́rà tí ó wọ́pọ̀ lóde òní kò ní dígí nínú mọ́; ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ẹnu lẹ́ńsì wọlé ń bọ́ tààrà sórí awo tí ń gba àwòrán. Lẹ́ńsì tí ó bá iṣẹ́ òru mu jù lọ ni èyí tí wọ́n kọ 70-200mm f/2.8 sí lára. 70 sí 200 ń tọ́ka sí bí ó ṣe lè fa ohun jíjìn súnmọ́ tó, f/2.8 ń tọ́ka sí bí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré sí i ni ihò ń fẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà jẹ́ ìlọ́po méjì ti f/4 àti ìlọ́po mẹ́rin ti f/5.6. Níbi tí f/5.6 ti nílò 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, 1/250 ti tó fún f/2.8. Ní 1/60, apá oníjó yóò rí bí èéfín.

Rírà
Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ ni ẹnu kámẹ́rà: lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún ẹnu E ti Sony kò lè wọ ẹnu RF ti Canon tàbí Z ti Nikon. Èkejì ni ìwúwo, nítorí eré lè di àfẹ̀mọ́jú. Irú ti Sony tó jáde ní 2016 wúwo tó gíráàmù 1,480. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021 jẹ́ 1,045. 70-180mm f/2.8 ti Tamron, tó jáde ní 2020, jẹ́ 810 péré, ṣùgbọ́n kò ní èròjà tí ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Ti 2023 ní in. Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ fi tọ́ọ̀ṣì tan inú rẹ̀, kí ó wá ohun funfun bí òwú aláǹtakùn tí ọ̀rinrin ń mú hù sínú gíláàsì. Ẹni tí ó jẹ́ pé ijó Gẹ̀lẹ̀dé ojú ọ̀sán nìkan ni yóò yà lè fi f/4 ṣe é, kí ó sì fi owó tó kù wọ ọkọ̀ lọ sí pápá.

Lílò
Èròjà tí ń dín gbígbọ̀n kù, ọwọ́ ayàwòrán ló ń dá dúró. Kò dá oníjó dúró. Nítorí náà, 1/250 yẹ ẹlẹ́fẹ̀ tí ń kọrin, 1/500 sì yẹ ijó. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, kí ISO lọ sókè: àwòrán oníhóró sàn ju èyí tí ojú rẹ̀ kò hàn. Kí iná kámẹ́rà wà ní pípa, kí ìró rẹ̀ sì dákẹ́.

Ewu kan wà nínú agbára lẹ́ńsì yìí. Ní 200mm, ojú ẹlẹ́fẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n onílù, elégbè àti òǹwòran pòórá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rín àwọn òǹwòran jẹ́ ara ìtumọ̀ orin ẹ̀fẹ̀. Ó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ ya gbogbo agbo pẹ̀lú lẹ́ńsì tí ó fẹjú, kí ó tó fa ẹnì kan súnmọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Lẹ́ńsì yìí ń jẹ́ kí olùwádìí ríran láìtẹ ààlà agbo lójú. Kò fún un ní àṣẹ. Ọwọ́ Ìyálàṣẹ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni àṣẹ wà, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kí ojú má rí, kí lẹ́ńsì má rí i.